Kókó inú ẹ̀dọ̀fóró màlúù: ọgbà tí ara mọ yí àrùn ká

Ọ̀rọ̀ àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni a sábà máa ń sọ nínú ìwé yìí. Tòní jẹ mọ́ ẹran ọ̀sìn, ó sì kan ara àwa fúnra wa pẹ̀lú.

Odò ẹran ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní agbègbè tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dáwó jọ, wọ́n ra akọ màlúù kan, wọ́n sì bọ́ ọ fún oṣù mẹ́fà kí ọdún Iléyá tó dé. Màlúù náà sanra, ara rẹ̀ ń dán. Àfi ìgbà tí àwọn alápatà là á tán tí wọ́n rí i pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kún fún kókó. Òmíràn kéré bí ẹ̀wà, òmíràn tóbi tó ọsàn wẹ́wẹ́. Alápatà fi ọ̀bẹ gé ọ̀kan, ọ̀bẹ náà ń ró bí ìgbà tí ènìyàn ń gé ohun tí yanrìn wà nínú rẹ̀. Ohun kan tó ní àwọ̀ ìyeyè, tó dà bí wàrà tó ti gbẹ, sì yọ jáde. Alápatà ní kí àwọn gé àwọn kókó náà dànù, kí àwọn ta ìyókù. Wolé-wolé ní rárá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan án mọ́ títí òun yóò fi yẹ gbogbo ẹran náà wò.

Bàbá alága ẹgbẹ́ kọjú sí mi. Ó ní, "Ọmọ wa, ìwọ tí o lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀, dá sí i fún wa. Màlúù tó sanra báyìí, ṣé òun náà ni wọ́n ní ó ní àìsàn? Bí àìsàn bá tilẹ̀ wà lára rẹ̀, ṣé ara ẹran náà kò ti dì í mọ́ inú kókó ni? Ohun tí ara ti dì pa, kí ló tún kù níbẹ̀?"

Kí n má purọ́, n kò ní èsì gidi lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Inú ìwé ni mo ti rí àwòrán kókó yìí nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, n kò fi ojú kàn án rí. Mo kàn ní kí a gbọ́ ti wolé-wolé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Bàbá kò kúrò lọ́kàn mi, torí pé ó jinlẹ̀ ju bí àwọn tó dúró níbẹ̀ ṣe rò lọ. Òun ni mo fẹ́ dáhùn báyìí.

Ẹ̀gún tó ṣẹ́ sínú ẹsẹ̀

Kò sí àgbẹ̀ tí ẹ̀gún kò gún rí. Bí ẹ̀gún bá ṣẹ́ síni lẹ́sẹ̀ tí kò wọlé jìnnà, ojú ibẹ̀ á wú, á gba ọyún, ọyún náà á sì tì í jáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá jinlẹ̀, ìgbà mìíràn wà tí kò ní gba ọyún rárá. Ibẹ̀ á kàn máa le díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ ó rí i pé kókó líle kan ti wà níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ dùn yín. Ara kò lè ti ẹ̀gún náà jáde, kò sì lè jẹ ẹ́ yọ́, ló bá fi ẹran wé e yíká.

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pe irú kókó bẹ́ẹ̀ ni granuloma. Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí wóró kékeré. Èmi ó máa pè é ní kókó-ọgbà, kì í sì í ṣe kòkó tí à ń sá sóòrùn o. Ọgbà ni ara mọ yí ohun tí apá rẹ̀ kò ká.

Kì í ṣe ẹ̀gún nìkan ni ara ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Kòkòrò àrùn ẹ̀tẹ̀ wà nínú wọn. Ẹyin aràn tó ń fa àtọ̀sí ajá náà wà nínú wọn. Èyí tí a mọ̀ jù nínú gbogbo wọn ni ikọ́ ife, tí àwọn míì ń pè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí ilé-ìwòsàn ń pè ní TB. Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ló fi kòkòrò tó ń fà á han aráyé ní Berlin ní oṣù kẹta ọdún 1882. Kòkòrò náà ní mọ̀lẹ́bí. Ọ̀kan ń bá ènìyàn jà jù. Èkejì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mycobacterium bovis, màlúù ni ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ran ewúrẹ́, ó ń ran ẹlẹ́dẹ̀, ó sì ń ran ènìyàn. Òun ni wolé-wolé fura sí lọ́jọ́ náà.

Bí ara ṣe ń mọ ọgbà náà

Ara màlúù àti ara ènìyàn ní àwọn sójà tiwọn. Inú ẹ̀jẹ̀ àti inú ẹran ara ni wọ́n ń gbé. Ẹ̀yà kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé gbígbé ohun àjèjì mì ni iṣẹ́ rẹ̀. Macrophage ni àwọn dókítà ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ajẹun-ńlá. Bí kòkòrò kan bá bá èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ajẹun-ńlá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ á gbé e mì, á da omi kíkan lé e lórí nínú ikùn ara rẹ̀, kòkòrò náà á sì yọ́. Bó ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ kòkòrò nìyẹn, àwa kì í tilẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Ti kòkòrò ikọ́ ife yàtọ̀. Ẹ̀wù ọ̀rá kan wà lára rẹ̀ tó dà bí ìda. Ó tún mọ ọgbọ́n kan: bí ajẹun-ńlá bá gbé e mì tán, kì í jẹ́ kí omi kíkan náà dé ọ̀dọ̀ òun. Ó wá dà bí ìgbà tí ọlọ́pàá mú olè wọ ilé ara rẹ̀, tí olè náà sì rí ibẹ̀ bí ibi tó dára láti máa gbé. Á máa bímọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í yára. Àwọn kòkòrò kan nínú ìgbẹ́ wà tó jẹ́ pé láàárín 20 ìṣẹ́jú ni ọ̀kan ń di méjì. Èyí ń lò tó ọjọ́ kan gbáko tàbí kó dín díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ikọ́ ife fi ń pẹ́ kó tó hàn, tó sì ń pẹ́ kó tó lọ.

Ajẹun-ńlá tí kò lè pa ohun tó gbé mì á bẹ̀rẹ̀ sí í ké sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Kì í fi ẹnu ké, oje kan ló ń tú jáde, tí àwọn yòókù á máa tọ̀ lọ, bí ìjàlọ ṣe ń tọ ojú ọ̀nà tí èyí tó wà níwájú ti là. Wọn á péjọ yí i ká. Àwọn kan nínú wọn á tẹ́ pẹrẹsẹ, wọn á so mọ́ ara wọn típẹ́típẹ́ bí bíríkì tí a tò. Àwọn mìíràn á yọ́ pọ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ á di ẹyọ kan ṣoṣo tó tóbi gan-an. Theodor Langhans, òun náà jẹ́ ará Jámánì, kọ̀wé nípa irú sẹ́ẹ̀lì ńlá bẹ́ẹ̀ ní 1868, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ sójà kejì á tó dé. Wọ́n ń pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì T. Nínú àwọn kókó kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà èémí ni wọ́n ti ń fi irú kòkòrò náà hàn wọ́n, kí wọ́n tó wá sójú ogun, ohun tó ń dá wọn dúró nìyẹn. Àwọn wọ̀nyí dà bí ẹni tó ń gbé ọta fún àwọn tó ń yìnbọn: bí wọ́n bá dé, wọ́n á tu oje mìíràn sí ajẹun-ńlá lára, agbára ajẹun-ńlá á sì pọ̀ sí i débi pé á lè pa díẹ̀ nínú àwọn olè tó wà nínú rẹ̀. Eti ọgbà lóde ni àwọn sẹ́ẹ̀lì T ń dúró sí jù. Lẹ́yìn wọn, àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn á wá fi okùn tín-ín-rín tó yi wé gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ọjọ́ bá pẹ́, irú ohun tó ń mú egungun le á máa jókòó sínú kókó náà. Òun ló ń ró lábẹ́ ọ̀bẹ alápatà.

Àárín kókó náà ńkọ́? Iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í lè dé ibẹ̀ dáadáa. Èémí kò tó wọn níbẹ̀, oúnjẹ kò tó wọn. Ajẹun-ńlá á máa kú, òkú wọn á sì di ohun rírọ̀ tó dà bí wàrà. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ fi wé wàrà o. Àwọn oníṣègùn òyìnbó náà, wàrà ni wọ́n fi ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní èdè tiwọn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ìbéèrè Bàbá ti kan ojú ẹ̀. Ṣé gbogbo kòkòrò tó wà nínú ọgbà ló ń kú? Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni, ara ń borí wọn pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, díẹ̀ nínú wọn á dákẹ́, wọn kò ní bímọ, wọn kò sì ní kú. Wọ́n lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀wọ̀n ni kókó náà, kì í ṣe sàréè.

Ó pọ̀ lára wa ju bí a ṣe rò lọ. Àjọ ìlera àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ènìyàn ayé ló ti kó kòkòrò ikọ́ ife sára. Nínú 100 àwọn tó kó o, bíi 5 sí 10 péré ni àìsàn náà ń gbé dìde láyé wọn. Ọgbà tí ara mọ ló ń dáàbò bo àwọn yòókù.

Ṣé ọgbà náà wá dára àbí kò dára?

Àwọn tó ń ṣèwádìí fẹ́ mọ èyí. Ara ènìyàn kò ṣeé là wò lójoojúmọ́, nítorí náà wọ́n lo ẹja kékeré kan tí ara rẹ̀ mọ́ gaara bí gíláàsì nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ. Wọ́n fi mọ̀lẹ́bí kòkòrò ikọ́ ife tó ń ṣe ẹja sí i lára, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan di ńlá wo bí kókó ṣe ń dìde. Lalita Ramakrishnan àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2009 pé ní ìbẹ̀rẹ̀, kòkòrò náà ń jẹ èrè kókó yìí. Ajẹun-ńlá kan á kú, àwọn tuntun á wá gbé òkú rẹ̀ mì, kòkòrò inú òkú náà á sì wọ inú tiwọn. Àwọn kan nínú àwọn tuntun wọ̀nyí á jáde kúrò níbẹ̀, wọ́n á gbé àrùn lọ sí ibòmíràn nínú ara. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọwọ́ fa koríko eléso kúrò nínú oko rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí: bí ẹ ṣe ń fà á ni èso rẹ̀ ń dà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má wá sọ pé kí ara má mọ ọgbà mọ́. Oògùn làkúrègbé kan wà tó ń dí ọ̀kan nínú àwọn oje tí ara fi ń di kókó náà mú. Ní 2001, àwọn dókítà kọ̀wé pé ikọ́ ife ń gbé dìde lára àwọn tó ń lo oògùn náà. Kòkòrò náà wà nínú wọn tẹ́lẹ̀, wọn kò mọ̀. Nígbà tí okùn ọgbà tú, ó jáde. Láti ìgbà náà, àyẹ̀wò ikọ́ ife ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe fún ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fún ní irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Ní tèmi, bí mo ṣe rí i, ọgbà náà dà bí ọgbà oko wa gan-an. Ó wúlò níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ni ín bá ń tún un ṣe. Ara sì ń tún tirẹ̀ ṣe lójoojúmọ́, ajẹun-ńlá tuntun ń rọ́pò èyí tó kú, sẹ́ẹ̀lì T ń ṣọ́ ibodè. Iṣẹ́ náà ń gba oúnjẹ àti agbára. Bí ebi bá pa ènìyàn tàbí ẹran pẹ́, bí ọjọ́ ogbó bá dé, bí àtọ̀gbẹ bá wà lára, ọgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í jó rẹ̀yìn. Èyí tó burú jù ni kòkòrò HIV, torí pé sẹ́ẹ̀lì T gan-an ló ń pa.

Bí ọgbà bá ya, ohun tó dà bí wàrà náà á yọ́ di omi, kòkòrò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ kíá nínú rẹ̀. Ó lè jẹ ògiri ọ̀nà èémí já. Láti ibẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹni náà bá wúkọ́, tàbí tí màlúù náà bá wúkọ́, kòkòrò ń bá èémí jáde. Ihò ńlá á wà nínú ẹ̀dọ̀fóró níbi tí kókó wà tẹ́lẹ̀. Èyí tó ń yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe kòkòrò nìkan ló gbẹ́ ihò náà. Ogun tí ara ń jà wà lára ohun tó ba ilé jẹ́.

Bó ṣe rí nínú àtọ̀sí ajá náà nìyẹn. Ẹyin aràn tí kò bá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ jáde á há sí ara àpò ìtọ̀ tàbí sínú ẹ̀dọ̀. Ara á mọ ọgbà yí ẹyin kọ̀ọ̀kan ká. Ẹyin á kú tó bá yá, àpá ọgbà kò ní lọ. Bí àpá bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ̀nà gbà kọjá mọ́, ikùn á sì máa wú. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ sétí odò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn ni a ó sọ ọ́ tán.

Màlúù tó sanra

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Bàbá. Òtítọ́ ni pé màlúù náà sanra. Màlúù tí ọgbà rẹ̀ ṣì dúró lè sanra, kí ó má wúkọ́ rárá, kókó 20 sì lè wà nínú rẹ̀. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé tí koríko tán, tí wọ́n bá dà á rin ọ̀nà jíjìn, tàbí tí ó darúgbó, nígbà náà ni á máa rù, tí á máa wú ikọ́ gbẹ́rẹ́gbẹ́rẹ́ ní àárọ̀ tàbí bí wọ́n bá mú un sáré. Kí ó tó dé ibẹ̀, ó lè ti ran àwọn tó wà nínú ọgbà ẹran kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Òtítọ́ sì ni pé ara rẹ̀ ti dì í mọ́. Ọ̀bẹ ló tú u. Alápatà tó gé kókó náà ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n. Ohun tó yọ jáde wà lára ọ̀bẹ, wà lára tábìlì, wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè fín sínú afẹ́fẹ́ tó ń mí. Ọ̀bẹ yẹn náà ni wọ́n á fi gé itan àti ìhà fún oníbàárà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí kókó nínú ẹ̀dọ̀fóró, lára ẹ̀dọ̀, tàbí ní ọ̀fun ẹran tí ẹ pa, ẹ má là á. Ẹ dúró de wolé-wolé tàbí dókítà ẹran. Bí kókó bá wà ní ojú kan ṣoṣo, ibẹ̀ àti àyíká rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbà. Bí ó bá ti tàn káàkiri inú ẹran náà, tàbí tí ẹran ti rù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Ó ń dunni, mo mọ̀. Ní ti ẹgbẹ́ tí mo ń sọ yìí, ẹ̀dọ̀fóró àti àwọn kókó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà èémí ni wọ́n gbà, wọ́n ní ìyókù mọ́. Ohun tí wọ́n bá gbà, inú ihò tó jìn ni kí ẹ sin ín sí, kí ajá má lè hú u. Ẹ má fún ajá jẹ, ẹ má sì fún ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹran tó jinná dénú kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Mílíìkì tútù ló ń bà mí lẹ́rù jù. Màlúù tí àrùn ti dé ọmú rẹ̀ ń fi kòkòrò sínú mílíìkì, ẹ kò sì ní rí i, ẹ kò ní gbọ́ òórùn rẹ̀. Kíkan tí mílíìkì kan kò tó láti pa á. Àwọn ọmọdé tó ń mu mílíìkì tútù ní gáà lè kó o, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í fi ikọ́ hàn lára wọn, torí pé ẹnu ló gbà wọlé, kò gba ti èémí. Kókó ọrùn ni á fi hàn, tàbí inú rírun tí kò lọ. Ẹ jẹ́ kí mílíìkì hó lórí iná kí ẹ tó mu ún. Ní ti wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń fi omi ewé bómubómu ṣe, iná ni wọ́n fi ń sè é kí ó tó dì, òun sàn ju mílíìkì tútù lọ, bí wọ́n bá ti sè é hó dáadáa tí ọwọ́ tó ń gbé e sì mọ́.

Ìdí tí oògùn rẹ̀ fi ń gba oṣù mẹ́fà

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ ife ní àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba tó ń tọ́jú rẹ̀. Oṣù méjì àkọ́kọ́, oríṣi oògùn 4 ni wọ́n sábà máa ń fúnni pọ̀. Oṣù mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, oríṣi 2. Ohun tí mo ń rí ni pé lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ikọ́ á dáwọ́ dúró, ara á le, àgbẹ̀ á sì padà sóko, á gbàgbé oògùn sórí àjà.

Ẹ rántí inú kókó. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn káàkiri ara, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í dé àárín kókó dáadáa. Kòkòrò tó wà níbẹ̀ ń sùn, ọ̀pọ̀ oògùn sì jẹ́ pé èyí tó ń bímọ lọ́wọ́ ló rọrùn fún un láti pa. Àwọn tó wà lójúde ti kú ní oṣù àkọ́kọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí ara le. Àwọn tó wà ní yàrá inú ni oṣù tó kù ń wá. Bí ẹ bá dá oògùn dúró ní agbedeméjì, àwọn tó kù á jí, ó sì lè jẹ́ pé irú oògùn yẹn kò ní ran wọn mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà máa ń sọ ìtọ̀ di pupa rẹ́súrẹ́sú bí omi ọsàn. Mo mọ ẹni tó sá fún oògùn nítorí èyí, ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ni òun ń tọ̀. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ sọ fún dókítà kó tó bi yín: ẹ sọ pé ẹ ń sin màlúù, tàbí pé odò ẹran ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́, tàbí pé ẹ máa ń mu mílíìkì tútù. Kòkòrò ti màlúù kì í gbọ́ ti ọ̀kan nínú àwọn oògùn 4 yẹn, pyrazinamide ni wọ́n ń pè é. Bí dókítà bá mọ ibi tí àrùn ti lè wá, á mọ bí òun ṣe máa ṣètò ìtọ́jú.

Màlúù ńkọ́? A kì í fún màlúù ní oògùn yìí. Oṣù rẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ pọ̀, oògùn á máa wọ inú mílíìkì, kòkòrò tó bá sì yè é á ti mọ oògùn náà. Ìdánwò ni a ń ṣe, kí a lè yọ èyí tó ní i kúrò láàárín agbo.

Ìdánwò náà, ọgbà yìí kan náà ló ń lò. Koch ló ṣe omi rẹ̀ ní 1890, láti ara kòkòrò náà, ó rò pé òun ti rí oògùn ikọ́ ife. Kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Ṣùgbọ́n wọ́n wá rí i pé bí a bá fi díẹ̀ rẹ̀ gún awọ màlúù tó ti ní kókó-ọgbà nínú, àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó ti mọ kòkòrò náà á rọ́ wá síbẹ̀, ojú ibẹ̀ á sì wú. Awọ màlúù tí kò ní i kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí àrùn ti gbé ṣánlẹ̀ pátápátá lè má wú, torí pé sójà rẹ̀ ti rẹ̀. Dókítà ẹran mọ èyí, ojú rẹ̀ á wà lára èyí tó rù.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ra màlúù láti bọ́ fún Iléyá tó ń bọ̀, kí alága bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé kí ẹ tó da màlúù tuntun mọ́ ti ilé, kí n lè bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀. Ọrùn ni wọ́n ti ń gún un. Ẹ rí i pé ẹran náà kò jìnnà sílé fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohunkóhun pa ojú ibẹ̀, torí pé lẹ́yìn wákàtí 72 ni dókítà á padà wá wọn bó ṣe wú tó.